Àtúnpa ni mo pè é, kì í ṣe àtúnṣe

Bí olùdarí kan bá mú fíìmù adẹ́rùbani àtijọ́, tó kó òṣèré mìíràn jọ, tó sì tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, àtúnpa ni mo ń pè é. Mo mọ̀ pé orúkọ náà ń bí àwọn kan nínú. Àwọn tó ń kọ "rìméèkì" kò tiẹ̀ dùn mí. Ọ̀lẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní àtúnṣe ló ń jẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọn sú mi. Nǹkan tó bàjẹ́ là ń tún ṣe: ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà, òrùlé tó ń jò. Bí ẹ bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ti dájọ́ kí ẹ tó wò ó rárá, pé ti àkọ́kọ́ ń ṣàìsàn, ti tuntun ló wá wò ó sàn. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn wọn kì í fi kọjá pé àwòrán ti tuntun mọ́lẹ̀ jù.

Àlọ́ là ń pa. Bí ẹlòmíràn bá tún un pa, àtúnpa nìyẹn. Apàlọ́ kan á ní Ìjàpá já láti òkè, gbìì! ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, ó tán. Òmíràn á mú kí ẹ bá Ìjàpá já, kí ẹ máa wo ilẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ yín. Ẹ̀yìn kan náà ló fọ́, ṣùgbọ́n ibi tí àyà yín ti là yàtọ̀.

Ẹ wo The Fly, ti 1958 tí Kurt Neumann darí àti ti 1986 tí David Cronenberg darí. Nínú méjèèjì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé nǹkan láti ibì kan dé ibòmíràn, ó kó ara rẹ̀ sí i, eṣinṣin kan sì bá a wọlé. Neumann fi ohun tí ọkùnrin náà dà pamọ́. Ọkùnrin náà da aṣọ dúdú borí, ìwé ló fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí obìnrin náà fa aṣọ yẹn yọ, orí eṣinṣin ló bá lọ́rùn ọkọ rẹ̀. Gbìì! Cronenberg ò bo nǹkan kan. Irun líle ló kọ́kọ́ hù lẹ́yìn Jeff Goldblum, òṣèré tó ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà, èékánná rẹ̀ wá ń ṣí níwájú dígí, etí rẹ̀ já bọ́, ó sì ń kó àwọn ẹ̀yà ara tó já sílẹ̀ pamọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwẹ̀. Kí ló wá bàjẹ́ lára ti 1958 tí wọ́n tún ṣe níbí?



Àwọn tó ní "ẹ̀dà" lásán ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí ọ̀kan mú: Psycho. Lọ́dún 1998, olùdarí Gus Van Sant fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé èyí tí Alfred Hitchcock darí lọ́dún 1960 ní ìṣísẹ̀ kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, ó lo orin Bernard Herrmann kan náà, àfi pé ó fi àwọ̀ sí i. Ó sì tutù lójú mi bí oúnjẹ àná.

Ẹnìkan ní àtúnpa dún bíi pé wọ́n tún ènìyàn pa. Obìnrin tí wọ́n gún lọ́bẹ nínú balùwẹ̀ lọ́dún 1960, wọ́n tún gún un nínú balùwẹ̀ lọ́dún 1998. Kí ló wá fẹ́ kí n pè é?