Ta ló sọ fún yín pé ìyá ọmọ ló ń sanwó fún éjẹ́ǹtì?

Látìgbà tí kíláàbù wa, Remo Stars, ti gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25, ẹ ò tíì rí nǹkan ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí. Gbogbo ilé tó ní ọmọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ló ń wá éjẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tó ń bá agbábọ́ọ̀lù dúnàá-dúrà pẹ̀lú kíláàbù, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n gbá náà wá ní àwọn fẹ́ di éjẹ́ǹtì. Kò burú ṣá. Ibi tó ti wọ́ ni pé èrò kan náà ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì, pé éjẹ́ǹtì lẹni tó mọ òyìnbó kan lókè òkun, tí wọ́n á kówó fún kó bá wọn mú ọmọ lọ. Irọ́ gbáà ni.

Àǹtí kan tó ń ta obì ní Ṣàgámù fi risíìtì kan hàn mí, bùọ̀dá kan tó pe ara ẹ̀ ní éjẹ́ǹtì ló kọ ọ́ fún un. Ìwé ẹsasáìsì ni wọ́n fà ya, báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, fọ́ọ̀mù 50,000, mẹ́díkà 80,000, jẹ́ẹ̀sì 20,000, "lẹ́tà ìpè láti Tọ́kì" 200,000, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 350,000 náírà, owó obì ni gbogbo ẹ̀ o. Mo ní ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yín, ó ní mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ bùọ̀dá yín yìí ò yé mi, torí òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ò gbà kí kíláàbù ilẹ̀ òkèèrè forúkọ ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀, àfi nǹkan bíi mélòó kan tí wọ́n yọ sílẹ̀, bíi kí àwọn òbí ẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ nítorí nǹkan míì tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù, àǹtí wa yìí rèé, Ṣàgámù sí Ìkẹ́nnẹ́ ni gbogbo ìrìn ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní lẹ́tà yẹn kì í ṣe ayédèrú, kí lọmọ fẹ́ fi ṣe?

Éjẹ́ǹtì gidi, inú owó tí agbábọ́ọ̀lù bá ń gbà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ síwèé lowó tiẹ̀ ti ń jáde. Bí ọmọ ò bá tíì gba kọ́bọ̀, kò sí ohun tó kan éjẹ́ǹtì. Ní 2023 FIFA tiẹ̀ fẹ́ fi òdiwọ̀n sí i, pé tí owó agbábọ́ọ̀lù lọ́dún ò bá ju 200,000 dọ́là lọ, éjẹ́ǹtì ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 5 nínú 100 lọ, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 3 lórí èyí tó lé. Àwọn éjẹ́ǹtì ńláńlá ní Yúróòpù gbé wọn lọ kóòtù, FIFA sì dá òfin náà dúró ní December 30, 2023. Kóòtù! Lórí ìdá mélòó ni wọ́n jà o, kò sẹ́ni tó ń jà lórí owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ìyá ọlóbì.

Àwọn tó ń pariwo pé kò sí láísẹ́ńsì kankan nínú iṣẹ́ éjẹ́ǹtì, wọn ò kúkú parọ́ tán. Ní 2015 ni FIFA pa ìdánwò tí éjẹ́ǹtì ń ṣe rẹ́, ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìlú ẹ̀, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti padà dé, ìkíní wáyé ní April 19, 2023, tó sì di October 1 ọdún náà, ẹni tí ò bá ní láísẹ́ńsì ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ náà mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan náà fẹ́ di éjẹ́ǹtì. Ẹ̀rù ń bà á tẹ́lẹ̀ torí wọ́n ti sọ fún un pé lọ́yà nìkan ló lè ṣe é, tàbí ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, kò sì jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Mo ní wọn ò bi ẹ́ léèrè ìyẹn. Wọn ò fẹ́ ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ọ̀daràn, wọn ò sì fẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún kíláàbù. Ìdánwò lo máa kọ́kọ́ ṣe, ìbéèrè 20 láàárín wákàtí kan, o gbọ́dọ̀ gba 15, lẹ́yìn náà 600 dọ́là lọ́dọọdún fún láísẹ́ńsì. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n gbà kéèyàn ṣíwèé nínú ìdánwò náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn ti bọ́ sí i. Mo gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ fún un lórí owó tó tọ́ sí kíláàbù tó kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù, mo ní kó wá ìdáhùn ẹ̀ nínú ìwé òfin tó wà lórí fóònù ẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá! Ó ń fọwọ́ ti ìwé lọ sókè, ó ń tì í padà sísàlẹ̀, òógùn ń bọ̀ nímú ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sì ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Látọjọ́ náà kò sọ pé ìdánwò náà rọrùn mọ́, ìwé ló ń kà.

Àǹtí wa ní kí lòun máa wá ṣe báyìí. Mo ní ẹ bi bùọ̀dá yẹn ní nọ́ńbà láísẹ́ńsì ẹ̀, orúkọ gbogbo àwọn tó ní in wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA, a máa wò ó. Ojú mi báyìí ló ṣe tẹ̀ ẹ́ sí i lórí Wáásáàpù. Máàkì méjèèjì di búlúù lójú ẹsẹ̀, ó tiẹ̀ gbé e jáde pé ó ń tẹ nǹkan, ó dúró, ó tún tẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà fọ́tò tó lò, tó dúró ti ọkọ̀ òfuurufú, kúrò níbẹ̀, ó ku àmì orí èèyàn funfun.