Kí ni Kali Yuga, kí ló sì pa á pọ̀ mọ́ moksha, ìyẹn kéèyàn bọ́ nínú àtúnwá?

Kí àlùfáà Híńdù tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn fún ẹnikẹ́ni, yálà ti ìgbéyàwó ni tàbí ti ilé tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n wà àti ìgbà tí wọ́n wà. Kì í ṣe ọjọ́ àti oṣù nìkan ni wọ́n máa ń dá. Àlùfáà á bẹ̀rẹ̀ láti orí Brahma tó dá ayé, á ní ó ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀. Á kan Manu keje, ìyẹn baba ńlá aráyé tí sáà wa yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, á ní Kali Yuga (ìgbà Kali) ìkejìdínlọ́gbọ̀n la wà yìí, ìdá kìn-ín-ní nínú mẹ́rin rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa dárúkọ Íńdíà, ìlú, àti ẹni tó ni ìsìn. Sankalpa ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá sì yé ti gbọ́ púpọ̀ nínú bí àwọn Híńdù ṣe ń wo ayé.

Yuga ni sànmánì. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn. Satya Yuga, tí wọ́n tún ń pè ní Krita, jẹ́ ọdún 1,728,000. Treta jẹ́ 1,296,000, Dvapara jẹ́ 864,000, Kali sì jẹ́ 432,000. Kali yìí ni ìdíwọ̀n gbogbo rẹ̀: Dvapara jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, Treta ìlọ́po mẹ́ta, Satya ìlọ́po mẹ́rin. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 4,320,000. Tí ìyẹn bá yí po lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, ọ̀sán kan Brahma ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Òru rẹ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Tí òru yẹn bá wá parí, ọ̀sán míì á tún bẹ̀rẹ̀. Ayé kò ní ìparí kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wọn.

Inú tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta ní Íńdíà àtijọ́ ni orúkọ àwọn ìgbà yìí ti wá. Krita ni èyí tó ń jẹ jù, Kali ni ti ẹni tó fẹ́ pàdánù. Ẹ má ṣì í mú fún òrìṣà obìnrin dúdú tó yọ ahọ́n síta nínú àwòrán o. Fáwẹ̀lì orúkọ tìyẹn gùn, ọ̀tọ̀ ni, ọ̀tọ̀ sì ni Kali yìí.

Ohun tó ń yí padà láti sànmánì kan sí èkejì ni dharma, ìyẹn ìwà tó yẹ àti ètò tó gbé ayé ró. Ìwé Bhagavata Purana sọ ọ́ bí ìtàn. Ọba Parikshit ń rìn kiri ilẹ̀ rẹ̀, ó bá ọkùnrin kan tó wọṣọ ọba, tó sì di kùmọ̀ mú, tó ń lu akọ màlúù kan. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni màlúù náà fi dúró, abo màlúù kan sì ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dharma ni akọ màlúù, ilẹ̀ ayé ni abo. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní rí: ìsẹ́ra-ẹni, ìmọ́tótó, àánú àti òtítọ́. Mẹ́ta ti kán, òtítọ́ nìkan ló kù. Kali fúnra rẹ̀ ni onikùmọ̀. Nígbà tí ọba yọ idà sí i, ó wólẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọba kò pa á, àmọ́ ó ní ibi mẹ́rin péré ni kó máa gbé: ibi tẹ́tẹ́, ibi ọtí, ibi àgbèrè, àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Kali ní kó fi díẹ̀ kún un. Ọba wá fún un ní wúrà. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá ti fún Kali ní wúrà ti fún un ní ilé gbogbo wa.

Wọ́n ní ọdún 3102 ṣáájú ìbí Jésù ni Kali Yuga bẹ̀rẹ̀. Aryabhata, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò, sọ nínú ìwé rẹ̀ pé ẹni ọdún 23 lòun nígbà tí ọdún 3,600 ti lọ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọdún 499 ló ń sọ. Bá a bá ṣírò rẹ̀ títí dòní, ó ṣì ku ohun tó lé ní 426,000 ọdún. Ẹni tó ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́ kò tíì rí nǹkan kan.

Ibi tí Vishnu, òrìṣà tó ń tọ́jú ayé, ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú ìwé Bhagavad Gita, Krishna, tí í ṣe Vishnu tó gbé ara èèyàn wọ̀, sọ fún Arjuna jagunjagun pé ìgbàkígbà tí dharma bá ń rẹ̀yìn, òun a máa wá sáyé. Avatar ni wọ́n ń pe irú ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rama wá ní Treta, Krishna wá ní ìparí Dvapara, Kalki sì ń bọ̀ lórí ẹṣin funfun, tòun ti idà, nígbà tí Kali bá ń parí lọ kí Satya míì lè bẹ̀rẹ̀.

Ṣé òrìṣà púpọ̀ ni wọ́n ń sìn ni, àbí Ọlọ́run kan? Ó kù sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bi. Brahma ń dá ayé, Vishnu ń tọ́jú rẹ̀, Shiva ń tú u ká, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ohun kan wà nídìí gbogbo wọn tí wọ́n ń pè ní Brahman. (Brahma àti Brahman kì í ṣe ọ̀kan náà.) Ìwé Chandogya Upanishad fi iyọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Uddalaka ní kí Shvetaketu ọmọ rẹ̀ da iyọ̀ sínú omi, kó padà wá láàárọ̀. Nígbà tó dé, bàbá ní kó gbé iyọ̀ náà wá. Ọmọ wá a, kò rí i. Bàbá ní kó tọ́ omi náà wò lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Iyọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá wá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà náà ṣe wà nínú ohun gbogbo, ojú kò sì rí i. Ìwọ náà ni, Shvetaketu.

Ẹni tí ìyẹn bá yé dénú dénú ni wọ́n ní ó dé moksha. Ìdí ni pé ẹ̀mí kì í kú: bó bá ti inú ara kan jáde, á wọ òmíràn, karma, ìyẹn ohun tó ṣe, ló sì ń pinnu irú èyí tó máa wọ̀. Yorùbá a máa yọ̀ bí bàbá bá tún dé sínú ilé; fún Híńdù, àbọ̀ọ̀bọ̀tán yẹn gan-an ni wàhálà. Moksha ni kéèyàn bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó máa ń kù lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn kò fẹnu kò lé lórí. Shankara, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùkọ́ wọn, ní ẹ̀mí àti Brahman kò fìgbà kan jẹ́ méjì, àìmọ̀ ló mú wa rò bẹ́ẹ̀. Ramanuja, àgbà olùkọ́ míì, ní rárá, ẹ̀mí ṣì wà láyè ara rẹ̀, ó ń gbádùn Ọlọ́run. Ọ̀nà ibẹ̀ náà pọ̀: ìmọ̀, ìfẹ́ Ọlọ́run, iṣẹ́ tí èèyàn ṣe láìwo èrè rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Kali tó burú tó báyìí ni wọ́n ní moksha rọrùn jù nínú rẹ̀. Ìwé Vishnu Purana ròyìn pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan ń jiyàn lórí ìgbà tí oore kékeré ń mú èrè ńlá wá. Wọ́n lọ bá Vyasa, àgbà ọlọ́gbọ́n, wọ́n bá a tó ń wẹ̀ nínú odò Ganges. Ó rì sómi, ó yọrí, ó ní: Kali dára! Ó tún rì, ó yin Shudra tó wà nísàlẹ̀ ìpò gbogbo. Ó rì lẹ́ẹ̀kẹta, ó yin obìnrin. Nígbà tó jáde, ó ní ohun tó ń gba ọdún mẹ́wàá ní Satya, ọ̀sán kan àti òru kan ló ń gbà ní Kali, nítorí pé orúkọ Vishnu tí èèyàn bá pè ti tó. (Ìdí tó fi yin obìnrin kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn lónìí: ó ní nípa sísin ọkọ ni wọ́n fi ń rí ti wọn gbà.)

Chaitanya, olùfọkànsìn Krishna kan, gbé orúkọ pípè yìí jáde sí ojú títì ní Bengal ní Íńdíà ní sẹ́ńtúrì 16, pẹ̀lú ìlù àti ijó. Swami Prabhupada, tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà Chaitanya, gbé e dé New York, ó sì dá ẹgbẹ́ Hare Krishna sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1966. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti lè pàdé wọn ní Oxford Street, tàwọn ti ìlù lọ́rùn. Iṣẹ́ Kali Yuga ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ti wọ ẹgbẹ́ náà tán ń ka ìlẹ̀kẹ̀ 108 lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, ó ń pe gbogbo gbólóhùn Hare Krishna náà tán lórí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 1,728 nìyẹn, ó máa ń gbà tó wákàtí méjì, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń parí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun àárọ̀.