Máàṣì Àwọn Ará Czech: Ẹ Má Sáré Sí I

Bí ẹ bá ti wo fíìmù tí aláwàdà ti ń ṣubú, tó ń dìde nínú àgọ́ sákọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí orin tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti Julius Fučík. Kò kọ ọ́ fún aláwàdà o. Ọmọ Prague, olú ìlú ilẹ̀ Czech, ni, Dvořák, gbajúmọ̀ akọrinsílẹ̀ Czech, wà lára àwọn tó kọ́ ọ lórin, ó sì ń darí báńdì ọmọ ogun Austria-Hungary ní Sarajevo nígbà tó kọ ọ́ ní 1897. "Grande Marche Chromatique" ló kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó yá ló sọ ọ́ di orin ìwọlé àwọn gladiator, àwọn tó ń jà níwájú èrò ní Róòmù, torí pé ó fẹ́ràn ìtàn Róòmù àtijọ́.

Bí ẹ bá tẹ orin náà lórí dùùrù, ẹ ó rí i pé ìka kì í fẹ́ fo bọ́tìnnì kankan, funfun, dúdú, ńṣe ló ń tẹ̀ lé ara wọn. Ìrìn oníyangàn ni. Ará Canada kan, Louis-Philippe Laurendeau, ló tún un tò fún báńdì kékeré, ni àwọn oní-sákọ́ọ̀sì bá gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di eré sísá. Títí di òní, bí báńdì bá mú máàṣì Czech èyíkéyìí síwájú mi, eré yẹn náà ni wọ́n máa ń bá bọ̀. Ẹ rọra, èèyàn ló fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín.

František Kmoch gan-an ló jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí i ní Zásmuky ní 1848, ó ṣe olùkọ́ ilé ìwé, kó tó di ọ̀gá báńdì ìlú Kolín. Nígbà yẹn, Vienna, olú ìlú Austria, ló ń ṣàkóso ilẹ̀ Czech. Ẹgbẹ́ Sokol, ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Prague ní 1862, wà lára ibi tí àwọn Czech ti ń fi hàn pé àwọn ní èdè àti àṣà tiwọn. Kmoch fún àwọn tó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yìí ní máàṣì tí wọ́n lè fẹnu kọ. Orin ìbílẹ̀ abúlé ló máa ń fi sí ìdajì ìkẹyìn, ibi tí a ń pè ní trio.

Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ solfa, ẹ fetí sí ibi tí trio ti bẹ̀rẹ̀: ohun tó ti ń jẹ́ fa látẹ̀yìnwá á di do. Ìlù ńlá á rẹlẹ̀, ariwo á dínkù, orin á wá fẹ̀, ọ̀fun gbogbo ará ọjà á sì gbà á. Báńdì tó bá sáré kọjá níbẹ̀ ti jẹ owó àwọn èèyàn lásán.

Ohùn báńdì wọn náà yàtọ̀. Kàkà kí wọ́n kó orin fún tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, flugelhorn ni wọ́n ń gbé e fún, fèrè idẹ tó jọ tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní křídlovka. Ihò rẹ̀ ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu lọ dé ìdí, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀ tó sì kún. Tenor àti baritone, àwọn fèrè idẹ tí ohùn wọn rẹlẹ̀ jù ú lọ, á máa dáhùn lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orin mìíràn. Túbà ń tẹ ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún, àwọn fèrè kéékèèké ń bọ́ sí àárín, bí omele ṣe ń di ìlù mú kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀.

Bí báńdì yín kò bá ní flugelhorn, ẹ gbé orin náà fún kọ́nẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì sì fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá dé trio, ẹ jẹ́ kí baritone dún ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí onílù má sì lo agbára títí tí ẹ ó fi tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì.