“Kọ̀ǹpútà Kò Gbọ́ Yorùbá”: Ìgbàgbọ́ Tó Ń Dí Olùkọ́ Èdè Lọ́wọ́ ní Èkìtì

Bí ẹ bá wọ yàrá àwọn olùkọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ní Èkìtì, láti Adó títí dé Òmùò, tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kọ́ni ní Yorùbá, ẹnìkan á dá yín lóhùn: “Èwo ni ti kọ̀ǹpútà nínú Yorùbá? Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ó jàre.” Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló mọ àkọtọ́ jù nílé-ìwé náà. Ohun tó ń sọ ti fìgbà kan rí jẹ́ òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti fà tu lọ́kàn ẹni.

Táípúráítà tí àwọn akọ̀wé ilé-ìwé ń lò láyé àtijọ́ kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí wọ́n bá tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá tán, olùkọ́ á jókòó ti bébà tòun ti bíróò, á máa kán àmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa fa àmì ohùn lé wọn lórí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tiwọn, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Wọ́n á mú àyè àmì tí a kì í sábà lò, wọ́n á ya ẹ tàbí ọ síbẹ̀. Lójú, ó dára. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹ ni, àmì ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń kà sí. Ẹ gbé fáìlì náà dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ á di jágbajàgba. Olùkọ́ tó tẹ ìbéèrè ìdánwò ní Adó, tó wá lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìkẹ́rẹ́, tó bá àmì tí kò mọ̀ rí nínú iṣẹ́ ara rẹ̀, kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà mọ́. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Unicode, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Unicode fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí gbogbo ẹ̀rọ jọ gbà. Ẹ tiwa ń jẹ́ 1EB9, ọ ń jẹ́ 1ECD, ṣ ń jẹ́ 1E63. Fóònù ọmọ Ìjerò àti kọ̀ǹpútà tó wà ní Tókíò, ẹ kan náà ni wọ́n ń kà. Lórí fóònù Android, ẹ lọ sí ètò Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù Google, ẹ yan èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. Bí ẹ bá wá tẹ lẹ́tà e mọ́lẹ̀ tí ẹ kò tètè gbé ọwọ́ kúrò, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ á yọ jáde. Windows náà ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá láti ìgbà Windows 7, tó jáde ní 2009. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lórí èyíkéyìí nínú wọn.

Wàhálà díẹ̀ ṣẹ́kù, ó sì yẹ kí olùkọ́ Yorùbá mọ ibi tó ti ń wá, kó má baà tún padà sídìí ìgbàgbọ́ àtijọ́ bó bá pàdé rẹ̀. Nínú Unicode, é àti à ní nọ́ńbà odidi tiwọn, nítorí pé àwọn èdè bíi Faransé ń lò wọ́n. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ ẹ, lẹ́yìn náà ni yóò gbé àmì ohùn lé e lórí bí ohun tó dá dúró. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa kò mọ bí a ṣe ń gbé e lé e: àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jáde dípò rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì, ó tán. Charis SIL, Doulos SIL àti Noto jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń gbé àmì wa síbi tó yẹ. Mo máa ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ oníbejì yìí kan ìdánwò orí ayélujára pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi Google Forms, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí ayélujára, ṣe ìdánwò, tí ẹ ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn tẹ ìdáhùn, tí ẹ sì ní kí ẹ̀rọ máa máàkì, yóò máa wá ohun tó bá ìdáhùn tiyín mu gẹ́lẹ́. Ọmọ kan lè kọ́kọ́ tẹ ẹ kó tó fi àmì òkè sí i, òmíràn lè kọ́kọ́ tẹ é kó tó kán àmì sábẹ́. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí méjì, kó sì fún ọmọ tó gbà á ní òdo. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá jẹ mọ́ àmì ohùn, ẹ to ìdáhùn mẹ́rin kalẹ̀ kí ọmọ mú ọ̀kan, tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín máàkì. Kò yẹ kí ọmọ tó mọ̀wé pàdánù máàkì lórí irú nǹkan báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tó jẹ mí lógún jù. Àmì ohùn ló ń dà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú jù. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá láti kékeré, tí kì í ṣi ohùn pè lẹ́nu, á dé gbọ̀ngàn ìdánwò, á fi àmì òkè síbi tó yẹ kí ìsàlẹ̀ wà. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Bó ṣe máa pín ohun tó gbọ́ ni kò mọ̀. A ó sọ dò-re-mí fún un, a ó pè é lápètúnpè, a ó fi ọwọ́ júwe òkè àti ìsàlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kan á gbà á, àwọn kan á kàn máa wò wá.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní Praat, tó máa ya ohùn náà síwájú ọmọ. Paul Boersma àti David Weenink, ti Yunifásítì Amsterdam ní Netherlands, ló ṣe é fún àwọn onímọ̀ ìró èdè. Ọ̀fẹ́ ni, bó bá sì ti wọ orí kọ̀ǹpútà tán, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ gba ohùn ọmọ kan sílẹ̀, ẹ ṣí i, ìlà búlúù kan á fara hàn, tó ń fi bí ohùn ṣe ń lọ sókè àti sódò hàn. Kí ọmọ náà pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ìyàtọ̀ tí a ti ń fi ọwọ́ júwe fún un láti JSS 1 á wà níwájú rẹ̀ kedere.

Ẹ wá ní kó pe àlá. Ọmọ tó bá ń fojú sí i dáadáa á sọ pé, “Ẹ wò ó, mà, á tó gbẹ̀yìn yìí kò dúró sójú kan lókè o, ṣe ló ń gùn.” Òótọ́ ló rí. Nínú Yorùbá, bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ló ti máa ń gùn lọ. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì tẹ̀lé ohùn òkè, bó ṣe rí nínú rárà, ṣe ló máa ń yọ̀ wálẹ̀. Èrò mi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwọn ọmọ ti ń ṣẹ̀: wọ́n gbọ́ ohùn tó ń rìn, a sì ní kí wọ́n fi àmì tó dúró sójú kan sí i. Bí ọmọ bá ti fojú ara rẹ̀ rí ìrìn náà, tí a sì ṣàlàyé fún un pé òkè ni a ó máa kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, kò ní máa méfò mọ́.

Ẹ tún gba ohùn ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti nípọn àti ti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì pe ọ̀rọ̀ kan náà. Ohùn òkè ti ọmọkùnrin lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ti ọmọbìnrin lórí àwòrán náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣi ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ìgbà yẹn ni gbogbo kíláàsì á lóye pé ohùn tó yí i ká lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo ti fi ẹnu lásán ṣàlàyé kókó yìí fún àwọn ọmọ SS, kò wọlé tó báyìí.

Ìgbàgbọ́ kan wà tó bá ti àkọ́kọ́ tan, a sì máa ń gbọ́ ọ gan-an lọ́dọ̀ wa: pé Yorùbá orí ayélujára, ti ará Ọ̀yọ́ àti ará Èkó ni, kò kan ọmọ Èkìtì. Ẹ wo Wiktionary, ìwé atúmọ̀ èdè tí gbogbo ayé jọ ń kọ. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá níbẹ̀, àtẹ kan wà tó ń fi bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀ka èdè dé ẹ̀ka èdè hàn. Lábẹ́ ilé, ẹ ó bá ulé ti Èkìtì níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, tó sì ń gbọ́ ulé lẹ́nu ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, á rí i pé ohun tí ìyá òun ń sọ ní àyè nínú ìwé. Èmi ka ìyẹn sí ẹ̀kọ́ ńlá. Lórí YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ọmọ lè wá orúkọ ara rẹ̀, kó rí àmì ohùn àti ìtumọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè fi í ránṣẹ́.

Wikipedia ní ẹ̀dà Yorùbá tirẹ̀ náà, àwọn ojú ìwé rẹ̀ sì lé ní 30,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú, àmì ohùn wọn kò pé, àwọn mìíràn ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń tọ́ka sí èyí láti fi hàn pé ayélujára kò dára fún Yorùbá. Èmi rí iṣẹ́ àṣetiléwá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì mú ojú ìwé ìlú wọn, Ìkọ̀lé ni o, Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni o, kí wọ́n ṣe àtúnṣe àkọtọ́ rẹ̀ sórí bébà, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá gbé e sókè. Ta ni yóò tún un ṣe bí kì í bá ṣe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àkọtọ́?

Ní ti Google Translate, tó fi Yorùbá kún èdè rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, àwọn ẹlòmíràn ti sáré kọjá ààlà: wọ́n gbà pé ó ti gba iṣẹ́ olùkọ́ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ “Ade ra oko” sí i láìfi àmì kankan sí i, ọkọ̀ ni, ọkọ́ ni, àbí oko? Méfò ló máa mé. Òwe ńkọ́? Ẹ fún un ní “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i,” kí àwọn ọmọ SS wo ohun tó bá kọ, kí wọ́n sọ ibi tó ti gbà á àti ibi tó ti pàdánù rẹ̀, kí wọ́n sì kọ tiwọn. Ìmúrasílẹ̀ gidi ni fún aáyan ògbufọ̀ nínú ìdánwò.

Ẹ máa sọ pé kò sí iná, dátà wọ́n, ilé-ìwé kò sì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù wá. Mo gbà. Kọ̀ǹpútà olùkọ́ kan àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan tó fún ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Kiwix á jẹ́ kí ẹ gbé odidi Wikipedia Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ẹ sì máa kà á ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Àwọn àyọkà BBC News Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, ṣeé tẹ̀ jáde sórí bébà fún ẹ̀kọ́ àkàyé.

Fóònù olùkọ́ tún wúlò fún lítíréṣọ̀ alohùn. Ìjálá àti ẹkún ìyàwó wà lórí YouTube fún ẹni tó bá wá wọn. Àlámọ̀ tí àwọn ìyá wa ń kọ ní Èkìtì, ẹnu wọn la ti máa gbà á. Ẹ yan ọmọ mélòó kan tí ìyá àgbà wọn mọ̀ ọ́n kọ, kí ẹ bá wọn lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ kí màmá dáadáa, kí ẹ gba àṣẹ lẹ́nu wọn kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ara wọn àti ìlú wọn sínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kó dé orí ayélujára, àbí kó dúró sí kíláàsì. Ọjọ́ Ajé, kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Èkìtì gẹ́lẹ́.