Míró tó yẹ píkọ́ọ̀pù tó bá ń fa tírélà lẹ́yìn

Tírélà tí à ń sọ níbí kì í ṣe ti sìmẹ́ǹtì tó ń jáde láti Ọ̀bájànà o, èyí tí wọ́n ń fi húùkù so mọ́ ìdí Hilux ni, tí àwọn wẹ́dà máa ń jó fún àwọn àgbẹ̀ láti fi kó iṣu, gbágùúdá àti kajú wálé láti oko, tí àwọn míì sì fi ń gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí táǹkì omi lọ síbi òde. Èèyàn á ra húùkù, á ra táyà, á wá iná ẹ̀yìn sí i, á wá gbàgbé míró pátápátá. Bẹ́ẹ̀ tí ẹrù bá ti ga ju gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò lọ báyìí, míró àárín tó wà lókè orí dírẹ́bà ti parí iṣẹ́ nìyẹn, iṣu nìkan lá máa hàn nínú ẹ̀ láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀. Míró ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló kù tó máa ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ara Hilux fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.8. Tí wọ́n bá jó tírélà tó fẹ̀ tó mítà 2.4, ó fi sẹ̀ǹtímítà 60 ju mọ́tò lọ, ẹ pín in sí méjì, ó di 30 lápá ọ̀tún, 30 lápá òsì. Míró tó bá mọ́tò wá kì í sábà yọ síta tó ìyẹn, so tí dírẹ́bà bá wo inú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tírélà lá máa rí, kò ní rí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n mú tépù wá, kí wọ́n wọn ibi tó fẹ̀ jù lára tírélà, kì í ṣe irin nìkan o, kí wọ́n wọn táyà tó bá yọ síta, kí wọ́n wọn ẹrù náà nígbà tó bá kún, torí àpò gbágùúdá máa ń tú ikùn síta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wọn mọ́tò láti etí míró òsì dé etí míró ọ̀tún. Tí tírélà bá fẹ̀ ju èyí lọ, míró náà kúrú nìyẹn. Etí ìta míró gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ tírélà díẹ̀, kó tó bí àtẹ́lẹwọ́ kan, àmọ́ kó má wá gùn jù, torí èyí tó bá gùn jù á máa gbá ògiri géètì àti orí ọlọ́kadà.

Tí tírélà bá kéré ju mọ́tò lọ tó sì lọ sílẹ̀, ẹ má náwó, míró tó wà níbẹ̀ tó.

Apá ọ̀tún ló yẹ kí èèyàn rò jù. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà, òsì ni dírẹ́bà ń jókòó sí, so míró ọ̀tún jìnnà sójú ẹ̀ ju ti òsì lọ, bí dígí bá sì ṣe jìnnà sí ojú tó ni ohun tó máa fi hàn á ṣe kéré tó, kódà tí méjèèjì bá tóbi bákan náà. Apá ọ̀tún yìí náà sì ni etí igbó, ibẹ̀ ni ọ̀kadà ń gbà, ibẹ̀ ni àwọn ìyá tó ru igi ìdáná ń rìn, ibẹ̀ ni òjò ti jẹ etí ọ̀dà wọnú, tí táyà tírélà bá fi bọ́ síbẹ̀ ẹrù á fẹ̀gbẹ́. Kí wọ́n tún ṣọ́ra fún míró tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára mọ́tò tí sitiárí ẹ̀ wà lápá ọ̀tún, irú tó ń wá láti Jàpáánì. Ó lè wọ ara ilẹ̀kùn dáadáa, àmọ́ ẹni tó jókòó sápá kejì ni wọ́n ṣe é fún, èèyàn lè yí i títí kó má yí dé ibi tó yẹ kó kọjú sí.

Dígí fúnra ẹ̀, oríṣi méjì ni. Èyí tó tẹ́jú máa ń fi nǹkan hàn bó ṣe jìnnà tó gan-an, àmọ́ ibi tó ń fi hàn kéré. Èyí tó wú síta bí ẹ̀yìn ṣíbí máa ń kó ibi púpọ̀ jọ, táyà tírélà, koto ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀kadà tó ti yọ́ wọlé, gbogbo ẹ̀ lá hàn, àmọ́ á sọ wọ́n di kékeré, á jọ pé wọ́n ṣì jìnnà. Ẹni tó bá ra mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá á ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára dígí ọwọ́ èrò pé nǹkan tó wà nínú dígí yìí sún mọ́ ju bó ṣe hàn lọ. Òfin wọn ló ní kí wọ́n kọ ọ́, òfin yẹn kan náà ló sì ní kí ti ọwọ́ dírẹ́bà tẹ́jú. Fún ẹni tó bá ń fa tírélà, èyí tó dáa jù ni míró tó ní méjèèjì nínú igbá kan, èyí tó tẹ́jú lókè, èyí tó wú kékeré nísàlẹ̀. Tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ lẹ́yìn lórí ọ̀nà Ọ̀bájànà sí Kàbà, nínú èyí tó tẹ́jú ni kí dírẹ́bà ti wò ó kó tó yà síta láti ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀, torí nínú èyí tó wú, á rò pé ààyè ṣì wà nígbà tí kò sí mọ́.

Oríṣi tó wà lọ́jà? Àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá Amẹ́ríkà bíi Ford F-150 àti Silverado ní èyí tí wọ́n ń fà jáde, wọ́n á fà á síta tí tírélà bá wà lẹ́yìn, wọ́n á tì í wọlé tí wọ́n bá tú u. Ìyẹn ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Àmọ́ kí wọ́n tó ra ti tòkunbọ̀, kí rewáyà wo pọ́ọ̀gù tó wà nídìí ẹ̀ ná, torí èyí tó ń fi iná yí dígí, tó ní tráfíkétọ̀ lára, wáyà ẹ̀ lè pọ̀ ju ti ilẹ̀kùn lọ. Òmíràn ni èyí tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì so mọ́ míró tó ti wà tẹ́lẹ̀. Owó ẹ̀ ò pọ̀, kò sì sí pé wọ́n ń lu ihò, àmọ́ tó bá kan gálọ́ọ̀pù, jìgìjìgì ni, ọ̀kadà kan á di mẹ́ta nínú dígí. Ẹni tí ọ̀nà oko ẹ̀ ò bá dáa, kó wá èyí tí apá irin méjì dì mú, lókè àti nísàlẹ̀, torí alápá kan máa ń gbọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó di í mú, kó mì í kó tó sanwó, tó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kò ní dúró lójú ọ̀nà.

Ohun kan tún wà tó ń dunni. Tí dígí bá fọ́, wọ́n á ní kí àwọn tó ń gé gíláàsì gé dígí ilé lásán sínú igbá ẹ̀, tí igbá yẹn bá sì jẹ́ ti èyí tó wú tẹ́lẹ̀, ìdajì ohun tó yẹ kó máa hàn lè ti lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ béèrè èyí tó wú padà.

Láti to míró náà, kí dírẹ́bà tún àga ẹ̀ ṣe ná, torí tó bá sún àga lẹ́yìn tó ti tò ó tán, asán ni. Kí tírélà wà lẹ́yìn, kó tọ́ gbọnrangandan, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nínú dígí tó tẹ́jú, kí ẹ̀gbẹ́ tírélà hàn fín-ín-rín létí tó kọjú sí mọ́tò, kí ọ̀nà gba gbogbo ìyókù, kí ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ojú ọ̀run bọ́ sí nǹkan bí àárín dígí. Èyí tó wú, ẹ yí i wálẹ̀ títí táyà tírélà á fi hàn pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu dígí ní gbogbo àárọ̀, eruku ò jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé dígí ti ṣú.

Táyà ló yẹ kí ojú wà lára ẹ̀ tí wọ́n bá ń yà, torí táyà tírélà kì í tọ ipa táyà mọ́tò, ó máa ń gé wọlé. Tí wọ́n bá ń yà sọ́tùn-ún wọ ọ̀nà oko, orí mọ́tò á ti kọjá etí gọ́tà, tírélà á ṣì fẹ́ gun orí ẹ̀, míró ọ̀tún nìkan ló máa sọ ọ́. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn sì rèé, míró tí tírélà bá ti ń fẹ̀ sí i ni kí wọ́n rọra yí sitiárí sí, á tọ́ padà. Tó bá ti kákò jù, kí wọ́n wakọ̀ síwájú kó tọ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Gan-an lẹ́yìn tírélà, kò sí míró tó lè débẹ̀, so kí ẹnì kan sọ̀kalẹ̀, kó dúró sápá òsì níbi tí dírẹ́bà á ti máa rí i nínú dígí, ìgbà tí onítọ̀hún bá kúrò nínú dígí, kí mọ́tò dúró títí á tún fi yọjú.