Máàpù àtijọ́: bí iṣẹ́ sójà àti agbowó orí ṣe di ìtàn abúlé

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìlú ńlá kì í ní wàhálà púpọ̀, ààfin kọ̀wé, kóòtù kọ̀wé, àwọn oníṣòwò náà ní ìwé tiwọn, àmọ́ abúlé tí ò ju ilé mẹ́wàá lọ létí odò, ta ló ráyè kọ ìtàn ẹ̀? Ibi tí ọ̀pọ̀ irú abúlé bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ yọjú sínú ìwé ni máàpù, èyí tó ń fi òkè, odò, igbó, ọ̀nà àti ilé hàn pọ̀, tí wọ́n ń pè ní topographic map. Àwọn tó sì yà á ò rò ti ìtàn rárá o. Ogun àti owó ló gbé wọn jáde nílé.

Faransé la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìdílé Cassini, ìran mẹ́rin tó jẹ́ pé iṣẹ́ wíwo ìràwọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ló wọn odindi orílẹ̀-èdè pẹ̀lú ìṣirò gidi. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn ìlà kan ṣoṣo nílẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n á wá dúró sí orí kìíní, wọ́n á dúró sí orí kejì, láti ibi méjèèjì wọ́n á fojú sun ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ka igun ẹ̀, ìṣirò á sì sọ bó ṣe jìnnà tó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n débẹ̀. Onígun mẹ́ta kan á bí òmíràn títí wọ́n á fi bo gbogbo ilẹ̀. Lọ́dún 1747 ni Ọba Louis kẹẹ̀ẹ́dógún gbé iṣẹ́ náà fún César-François Cassini, nígbà tó di 1756 owó ò sí mọ́, ọba yọwọ́, ni Cassini bá lọ kó àwọn olówó jọ kí wọ́n dá owó sí i kí iṣẹ́ má bàa dúró. 1793, nígbà tí wọ́n ti lé ọba, ìjọba tuntun gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Cassini. Síkéèlì ẹ̀ jẹ́ 1:86,400, ìyẹn ni pé íńṣì kan lórí máàpù dúró fún íńṣì 86,400 nílẹ̀, kò lè fi ilé kọ̀ọ̀kan hàn, àmọ́ abà wà níbẹ̀, ilé ìlọkà wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké inú oko náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.

Ti Skọ́tíláǹdì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1745, lẹ́yìn tí àwọn sójà ọba ti ṣẹ́gun ní Culloden ní 1746 wọ́n fẹ́ wọ inú òkè lọ kó ilẹ̀ náà níjàánu, kò sí máàpù tó ṣeé gbọ́kàn lé. William Roy, ọ̀dọ́kùnrin tí ò tíì di sójà pàápàá nígbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1747, ṣéènì àti kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì dáwọ́ dúró ní 1755. Àwọ̀ pupa ni wọ́n fi kun ilé. Ẹ máa rí pupa wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn láàárín àwọn àfonífojì tó jẹ́ pé àgùntàn nìkan ló kù níbẹ̀ nígbà tó yá, torí àwọn onílẹ̀ lé àwọn èèyàn kúrò. Máàpù tí wọ́n yà kí wọ́n lè rí àwọn ará òkè mú ló wá ń jẹ́rìí fún wọn pé wọ́n gbé ibẹ̀ rí.

Ọ́stríà náà ya tiẹ̀ láàárín 1763 sí 1787 lẹ́yìn ogun ọlọ́dún méje, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, àṣírí ni, wọn ò jẹ́ kó jáde. Èyí tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni ìwé àlàyé tó bá a rìn: ṣé òkúta ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé yìí? Báwo ni odò ẹ̀ ṣe jìn tó? Ṣé kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gba ọ̀nà yìí tójò bá rọ̀? Ìbéèrè ajagun pátápátá, àmọ́ ta ló tún máa kọ ipò ọ̀nà oko sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn?

Gẹ̀ẹ́sì dá Ordnance Survey, àjọ ìjọba tó ń ya máàpù, sílẹ̀ lọ́dún 1791, máàpù àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ni ti Kent ní 1801 torí ìbẹ̀rù pé Faransé ń bọ̀ wá jà wọ́n. Ìlà kọ́ńtọ̀ tí gbogbo ayé fi ń fi òkè hàn báyìí, Charles Hutton lò ó níbi iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Schiehallion ní Skọ́tíláǹdì ní 1774, ìwúwo ayé ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo, Írẹ́lándì ni màá mú. 1824 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí Ordnance Survey lọ wọn gbogbo ẹ̀, owó orí ilẹ̀ ló fà á lọ́tẹ̀ yìí, torí bí wọ́n ṣe ń pín in ò dọ́gba. Thomas Colby ló ṣe olórí. Nítorí pé owó ni wọ́n ń ṣírò, íńṣì kan fún máìlì kan ò lè tó, íńṣì mẹ́fà ni wọ́n lò, gbogbo ilé fara hàn, wọ́n sì tọ ààlà townland, ìyẹn ìpín ilẹ̀ tó kéré jù níbẹ̀, tó lé ní 60,000. Orúkọ wá di iṣẹ́ tiẹ̀. Wọ́n gba John O'Donovan lọ́dún 1830, èdè Irish yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pe ibi báyìí, ó sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Dublin. Ó dùn mí pé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wá fi kọ orúkọ sórí máàpù, àmọ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn ṣì wà.

Wọ́n parí ẹ̀ ní 1846. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. 1845 ni àrùn ti wọ oko pòtétò, ìyàn tó tẹ̀ lé e pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn, ó kéré tán mílíọ̀nù kan mìíràn wọkọ̀ lọ sókè òkun. Tí wọ́n bá gbé máàpù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n tún yà níkẹyìn ọ̀rúndún yẹn, ibi tí ilé kéékèèké mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti fara kanra tẹ́lẹ̀, pápá lásán ló kù, tàbí ilé kan ṣoṣo. Agbowó orí ò mọ̀ pé òun ń ka àwọn tó ń lọ.

Amẹ́ríkà dá USGS, àjọ ìjọba tiwọn tó ń wọn ilẹ̀, sílẹ̀ lọ́dún 1879, John Wesley Powell ló jẹ́ kí iṣẹ́ máàpù gbogbo orílẹ̀-èdè gbéra ní 1884. Dúdú onígun mẹ́rin dúró fún ilé, tí àsíá bá wà lórí ẹ̀ ilé ìwé ni, àgbélébùú jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Abúlé Loyston ní Tennessee wà lábẹ́ omi láti ìgbà tí wọ́n parí dáàmù Norris ní 1936, àfi kéèyàn lọ wo máàpù tó ṣáájú dáàmù kó tó lè rí ojú títì ẹ̀.

Ta ló wá kọ́kọ́ sọ wíwo máàpù àtijọ́ di iṣẹ́ ìtàn? Mi ò rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ordnance Survey gba O.G.S. Crawford ní 1920 láti máa rí sí ohun àtijọ́ orí máàpù, òun ló kọ́kọ́ di ipò yẹn mú. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì Maurice Beresford ń fi máàpù àti ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá abúlé tó ti dahoro kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti John Hurst sì gbẹ́ ilẹ̀ Wharram Percy, ọ̀kan nínú irú abúlé bẹ́ẹ̀, fún ogójì ọdún, títí di 1990.

Ní báyìí kò nílò kéèyàn lọ bẹ ẹni tó ń ṣọ́ yàrá máàpù mọ́. USGS bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán máàpù àtijọ́ tiwọn sórí kọ̀ǹpútà ní 2009, ilé ìkàwé àpapọ̀ Skọ́tíláǹdì sì gbé tiwọn lé orí fọ́tò sátẹ́láìtì, èèyàn á kàn máa fa bọ́tìnnì kan, ayé àtijọ́ á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lórí tòní. Ọdún tó wà létí ìwé ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Àwo bàbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi tẹ máàpù àkọ́kọ́ wọn, wọ́n kàn ń gbẹ́ rélùwéè kún un ni, wọn ò padà lọ wo ilé, torí náà rélùwéè tuntun lè máa kọjá láàárín oko ogójì ọdún sẹ́yìn. Ti Amẹ́ríkà ṣe kedere jù: ohunkóhun tó bá ti ní àwọ̀ àlùkò, fọ́tò tí wọ́n yà látinú bàálù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni ò lọ síbẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.