Ajá Ọ̀fẹ́ Tó Ń Tú Àpò Olówó Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan ní Tákìé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ló fún mi ní ọmọ ajá ìbílẹ̀. N kò san kọ́bọ̀. Báwo ni ohun ọ̀fẹ́ ṣe ń jẹ owó tó báyìí?

Ìdáhùn: Yálà ẹ rà á ni o, yálà wọ́n fi ta yín lọ́rẹ ni, oúnjẹ ni olórí ìnáwó. Ajá tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 10 sí 13 láyé, kò sì sí ọjọ́ tí kò ní jẹun. Ká ní oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ náírà 1,000, ó di 365,000 kí ọdún tó yí po. Ojú kì í tètè rí i, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde lápò: ẹja ṣàwá lónìí, ìrẹsì lọ́la.

Ìbéèrè: Ṣé ti ajá òyìnbó pọ̀ ju tèmi lọ?

Ìdáhùn: Ìwọ̀n ara ni kẹ́ ẹ wò. Ajá oníkílò 30 máa ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 400 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Àpò oníkílò 15 kò ní lò ju ọjọ́ 37 lọ, bí àpò 10 sì ni lọ́dún. Ti ajá ìbílẹ̀ oníkílò 15 á tó àpò 6, torí oúnjẹ ajá kékeré máa ń ju ìdajì ti ńlá lọ díẹ̀. Àwọn onílé kan ní àdúgbò Under G ń wá Boerboel, ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé, kiri nítorí olè. Ní tèmi, olè kì í béèrè ibi tí ajá ti wá kó tó sá.

Ìbéèrè: Àmàlà àti ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù ńkọ́?

Ìdáhùn: Àmàlà lásán á kún un nínú, kò ní fún un lókun. Ẹ se ìfun adìẹ tàbí ṣàwá mọ́ ọn. Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ alálùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a ti sè náà lè gún un nífun.

Ìbéèrè: Abẹ́rẹ́ dókítà ẹranko ti pọ̀ jù. Èwo ni mo lè fò?

Ìdáhùn: Kò sí. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni àjẹsára ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Àìsàn páfò wà lára ohun tí wọ́n ń sá fún. Tó bá mú un, á máa bì, á máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Omi ni dókítà á máa fà sí i lára, owó ìyẹn sì ju ti abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi máa ń wáyé tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ajá tí kò gbà á, tó wá bu ọmọ aládùúgbò jẹ, ti kó olówó rẹ̀ síṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ sanwó, abẹ́rẹ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Bí àmì àìsàn yìí bá ti yọ lára èèyàn, agbára káká ni kó tó yè é.

Oògùn aràn àti ti eégbọn kò wọ́n tó ìyẹn. Ẹ má kàn gbàgbé wọn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè múra sílẹ̀ fún owó òjijì?

Ìdáhùn: Ẹ gba káàdì alájọ lọ́tọ̀ fún ajá. Náírà 300 lóòjọ́ di 9,000 lọ́gbọ̀n ọjọ́. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, á ku 8,700. Oṣù 12, ó di 104,400. Ẹ má fi ra oúnjẹ o.

Bí àìsàn bá kọjá agbára dókítà inú ìlú, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin kò jìnnà bíi ti Ìbàdàn. Kẹ́ ẹ fi owó ọkọ̀ kún un ṣá, torí kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló ń gbé ajá, ẹlòmíì á sì ní kẹ́ ẹ sanwó èèyàn méjì.